Gbólóhùn Mẹ́ta fún Ọ̀rọ̀ Kọ̀ọ̀kan

Nígbà tí Lagimalie fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kejì, bàbá rẹ̀ kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á. Díákónì Mataio, tí gbogbo abúlé Matavao mọ̀ pé ohùn rẹ̀ a máa dé etí òkun, kàn gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ó wo èsì ìdánwò náà títí, ó sì dá a padà fún un.

"Ìyá Iosua á pè láti Okilandi lọ́la. Kí ni kí n wí fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé mi ò yege, Bàbá."

"Ó ti gbọ́ ìyẹn rí. Òmíràn ńkọ́?"

Lagimalie ki fóònù bọ àpò. Ìyá rẹ̀, Vaiola, tó jókòó tó ń ha àgbọn, kò gbójú sókè. Vaiola kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ bá ń sọ. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé kò tilẹ̀ retí ohùn rẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Lagimalie. Nọ́ọ̀sì ni ní erékùṣù Savai'i ní orílẹ̀-èdè Samoa, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ jáde láti inú ìyá rẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ ní Niu Silandi kì í kọ́kọ́ béèrè ìyẹn. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń béèrè. Bó bá yege, yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Okilandi, yóò sì fẹ́ Iosua, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀. Bàbá méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Lagimalie fúnra rẹ̀ ti bá Iosua sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Iosua sì bi í bóyá òjò ń rọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá ńlá ló ń gbé e ṣubú. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ ìwé oògùn kò ni ín lára. Nínú ìdánwò ni wọ́n ti ń kó ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni jọ sójú kan, tí gbogbo rẹ̀ á wá le bí òkúta lójú rẹ̀. Ó ti há ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ sórí. Kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e sọdá lọ sí Apia níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, ìdajì wọn ti bọ́ sínú òkun.

Àbúrò bàbá rẹ̀ ló wá ọ̀nà àbáyọ fún un. Masina ni wọ́n ń pè é, kò lọ́kọ, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, òun nìkan ni kì í bẹ̀rù Mataio lágbo ilé náà.

"Jẹ́ ká lọ bá ọmọ tó wà nílé Peni," ló wí. "Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju olùkọ́ lọ."

"Àǹtí, ẹni tí wọ́n dá padà yẹn?"

"Òun náà. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì lo fẹ́ kọ́ àbí ìwà mímọ́? Ìwà mímọ́ kún ilé wa, a ò tíì rí ẹni tí yóò bá wa jẹ ẹ́ tán."

Falaniko ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Okilandi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ìjọba ibẹ̀ mú un jáde nínú ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n tì í sínú ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú báàgì kan. Ọdún mẹ́rin rè é tó ti wà lọ́dọ̀ Peni, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ẹja ṣe lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ́fùtù. Wọ́n fín nǹkan sí i lọ́rùn, fínfín inú ẹ̀wọ̀n tí kò lẹ́wà. Nítorí rẹ̀, àwọn ìyá a máa fa ọmọ wọn mọ́ra bó bá ń kọjá.

Nígbà tí ó rí obìnrin méjì, ó sáré nu ọwọ́, ó sì nawọ́ sí ẹní fún Masina. "Ìwọ, jókòó," ló wí.

Masina rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló ń jẹ́ ìwọ? Mo tó bí ẹ!"

Ojú ti ọkùnrin náà. "Ẹ má bínú. Èdè tí mo mú lọ sí Okilandi, èdè ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Òun náà ni mo mú bọ̀."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá májẹ̀mú. Yóò kọ́ Lagimalie ní Gẹ̀ẹ́sì, Lagimalie yóò kọ́ ọ ní èdè Samoa bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà: bí wọ́n ṣe ń kí olóyè, bí wọ́n ṣe ń ní kí àgbà jókòó, bí wọ́n ṣe ń ní kó jẹun. Masina yóò máa bá wọn jókòó, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan sọ.

Ó ṣí ìwé ọ̀rọ̀ Lagimalie. Ó ka àkọ́kọ́, "reluctant". Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Lagimalie ti da ìtumọ̀ kọ, ó sì ti da àpẹẹrẹ kọ láti inú ìwé: ọba lọ́ra láti fọwọ́ sí àdéhùn náà.

"Ọba wo nìyí?" ni Falaniko béèrè.

"Mi ò mọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn."

"Ẹ ò mọ ọba náà, ẹ ò mọ àdéhùn náà. Kí ló máa mú yín rántí rẹ̀?" Ó fa ìlà sí i. "Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹ fi ẹnu ara yín túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbólóhùn mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nípa ayé ara yín. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irọ́. Irọ́ kì í lẹ̀ mọ́ni lórí."

Lagimalie ronú. Ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó bá "reluctant", ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ dúró sílé. Ó kọ ọ́ pé: Ara mi kọ̀ láti ṣí èsì ìdánwò mi. Ó kọ ọ́ pé: Ìyá mi máa ń lọ́ra kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá dúró, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀kẹta: Mo lọ́ra láti gbé ìpè Iosua.

Falaniko kà á. Ó kàn ní, "Ẹ gbàgbé àmì ìdánudúró níbí."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀sán Tuesday àti ti Friday. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí Lagimalie lórí. Ọjọ́ kan ló bi í ibi tó ti kọ́ tirẹ̀.

"Nínú ẹ̀wọ̀n. Ìwé atúmọ̀ èdè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fa ẹ̀yìn rẹ̀ ya láti orí lẹ́tà T lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tó bá bẹ̀rẹ̀ láti T dé Z, ẹ má bi mí, mi ò mọ̀ ọ́n."

Lagimalie rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé òun pẹ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. "Kí lo ṣe tí wọ́n fi jù ọ́ sẹ́wọ̀n?" Kò mọ ìgbà tí "ẹ" ti di "o" lẹ́nu òun.

Kò fi bò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wọ ṣọ́ọ̀bù kan lọ jalè, òun ló jókòó sídìí ọkọ̀ tí ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ti bàbá arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. "Mi ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wa ọkọ̀ lọ nígbà tó ń ké. Ohun tí mo ṣe nìyẹn."

Masina, tó ń hun nǹkan nítòsí, dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó ti gbọ́ ọ báyìí rí ní Matavao. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé ó pa ọlọ́pàá.

Ní ọjọ́ Friday tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ "inevitable", ohun tí kò ṣeé yẹ̀, ló kàn. Lagimalie ní kí olùkọ́ náà kọ́kọ́ fi tirẹ̀ lélẹ̀. Ó sọ ọ́ tì ní Samoa, ó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò wo ojú rẹ̀: Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é, bí mo bá ṣe ń kọ́ ọ dáadáa tó ni mo ṣe ń lé ọ lọ tó.

Ìwé náà já bọ́ lọ́wọ́ Lagimalie. Ó mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ẹni tí wọ́n bá ti dá padà báyìí kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan Niu Silandi mọ́ láyé. Ọjọ́ tí òun bá yege, ọjọ́ náà ni òkun yóò wọ àárín wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé, Masina ní, "Mo fẹ́ ẹnìkan rí. Bàbá rẹ ní kò dára tó, mo sì gbọ́ tirẹ̀." Ó wọlé.

Ìwé náà ló tú wọn fó. Mataio ń wá péńsù, ó ṣí i, ojú rẹ̀ bọ́ sórí gbólóhùn kan tó ní "bàbá mi" nínú. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó pe Lagimalie síwájú ìyá rẹ̀ àti Masina.

"Kí ni wọ́n ń pè ní 'obstinate'?"

Lagimalie lè purọ́. Ó rántí pé irọ́ kì í lẹ̀ mọ́ni lórí. "Ẹni tí wọ́n ń sọ fún tí kò ní gbọ́, Bàbá. Kódà bó bá mọ̀ pé òótọ́ ni."

"Èmi?"

"Ẹ ka èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Kà á fún mi."

"Ó ní, 'Ọmọ bàbá mi ni mí, èmi náà kì í gbọ́.'"

Masina fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Mataio ti ṣí ojú ewé mìíràn, ó ti rí ìkọ̀wé ọkùnrin pẹ̀lú yíǹkì pupa, kò sì pẹ́ tó fi mọ oníkọ̀wé náà, nítorí ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ní Matavao. Nígbà yìí ni ohùn rẹ̀ dé etí òkun.

"Ẹni tí wọ́n dá padà bí ẹrù tó bàjẹ́! Òun ni ọmọ mi lọ ń jókòó tì! Ìdílé Iosua ń bọ̀ nígbà Kérésìmesì láti wá wò ẹ́, ìwọ ń lọ sábẹ́ igi!"

"Ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi, Bàbá."

"Mo rí ohun tó ń kọ́ ẹ. Ó ti tán. Bó o bá tún dé ibẹ̀, má pe ara rẹ lọ́mọ mi."

Vaiola wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì gbé igbá àgbọn lọ sí ìdí iná.

Lọ́jọ́ kejì, Masina mú iṣẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Falaniko. Ó ní ẹ̀kọ́ ti parí. Ó ní kó lọ yege, kó máa lọ. Ó ní òun kò fẹ́ di òkúta tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́ pẹ̀lú èdè ọ̀wọ̀, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. O ti kọ́ ọ jù."

Lagimalie kò dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì funfun lọ́rùn, ó gba ojú ọ̀nà ńlá, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjá níwájú ilé ìyàwó pásítọ̀ níbi tí àwọn obìnrin ń hun ẹní.

"Nọ́ọ̀sì, ibo là ń lọ?" ni ọ̀kan bi í.

"Ilé Peni," ló dáhùn, kò dúró. "Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi kí n tó dé. Ẹ̀yin lẹ máa ń yára jù."

Falaniko wà nídìí ẹ́ńjìnì. Nígbà tó rí i, ó dìde.

"Mo ránṣẹ́ sí ọ."

"Mo gbọ́. Bàbá mi ń yan ọkọ fún mi. Iosua ń yan ìlú fún mi. Ìwọ náà wá ń yàn fún mi láti máa lọ. Ta ló wá kù tí yóò bi mí?"

"Lagi, o ò mọ ohun tí ò ń sọ nù. Mo gbé ibẹ̀. Mo mọ bí ilé ìwòsàn wọn ṣe rí."

"Kí ni 'relinquish'?"

Falaniko yí padà sídìí ẹ́ńjìnì.

"O ní láti dáhùn. Ìwọ lo kọ́ mi."

"Kí ènìyàn tú ọwọ́ sílẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́, "lórí ohun tó ti dì mú."

"Fi í ṣe gbólóhùn kan. Má sì purọ́."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo òkun. "Mi ò fẹ́ tú ọwọ́ sílẹ̀," ló sọ níkẹyìn.

"Ó dáa. Gbólóhùn kan tó." Ó tún báàgì rẹ̀ gbé. "Mo máa ṣe ìdánwò náà. Mo máa yege. Lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ ohun tí mo yàn."

Ẹnu rẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Apia, iyèméjì bò ó. Bó bá yege, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wá fẹ́ lọ ńkọ́? Kì í ṣe Iosua ló ń pè é. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan níbi tí oògùn kì í ti tán. Ó fẹ́ mọ bí òtútù ṣe ń mú ènìyàn. Ó gbé e wò lójú omi náà, ó gbé e wò láìtan ara rẹ̀, ó sì rí i pé òun lè fẹ́ nǹkan méjì kí òun sì mú ọ̀kan. Nígbà tó wọ yàrá ìdánwò tó rí "reluctant" ní ìlà kẹta, ó rẹ́rìn-ín.

Èsì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó yege. Kì í ṣe pé ó yege lásán, ó gba àmì tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà ilé ìwòsàn fi pè é wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tó ní àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké náà nílò ẹni tí yóò máa kọ́ wọn.

Ní ọjọ́ Sunday, Mataio, tó ti gbọ́ nípa ìrìn ilé Peni ṣùgbọ́n tó gbàgbọ́ pé èsì yìí ti parí ọ̀rọ̀ náà, pe pásítọ̀ àti àwọn olóyè wá jẹun lẹ́yìn ìsìn. Kókò gbóná wà níbẹ̀, ewé kókò tí wọ́n fi oje àgbọn sè, ẹlẹ́dẹ̀ odindi. Mataio dìde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà, ó ní ọmọ òun yóò máa lọ sí Okilandi.

"Mi ò lọ," ni Lagimalie wí.

Mataio yí sí i.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò lọ, Bàbá. Mo ti sọ fún Iosua fúnra mi láàárọ̀. Ó ní òun náà ní ẹni tí òun fẹ́, kò kàn láyà láti sọ ni. Falaniko ni mo fẹ́."

"Kí lo wá ṣe ìdánwò fún?"

"Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ọmọ Mataio kò rí ọ̀nà lọ ló ṣe dúró. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo rí i. Mo dúró."

Pásítọ̀ wú ikọ́. Mataio tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. "Jáde kúrò nídìí oúnjẹ mi."

Ó jáde. Ó kó aṣọ rẹ̀ lọ sí ilé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé. Àwọn kan ní kó kàn kó lọ bá ọkùnrin náà, bí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti ń ṣe. Ó kọ̀. "Wọ́n á sọ pé mo sá lọ. Mi ò sá. Ẹ jẹ́ kó wá béèrè lójú gbogbo ènìyàn."

Falaniko sì wá sí ilé Mataio. Masina ni alárinà rẹ̀, ó ń rìn níwájú bí ọba. Falaniko ró aṣọ tuntun mọ́ ìdí bí ọkùnrin ibẹ̀ ti ń ṣe, kò bo fínfín ọrùn rẹ̀. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí Mataio pẹ̀lú gbogbo oyè ìdílé rẹ̀ láti orí bàbá ńlá wá. Àwọn tó wá wòran gbàgbé láti sọ̀rọ̀. Níbi tó ti fẹ́ sọ pé òun wá tọrọ ọmọ, ẹ̀rù mú un, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan, ó ní òun wá "gbé" ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mataio kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọ ní èdè yìí?"

"Ọmọ yín ni, sà."

"Ó kọ́ ọ dáadáa." Ó dìde. "Ìdáhùn mi ni rárá."

"Mo gbọ́, sà," ni Falaniko wí. "Mo wá kí ẹ lè sọ ọ́ sí mi lójú. A ó ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Salelologa. Ẹ óò rí wa níbẹ̀."

Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Oòrùn mú. Masina àti Peni arúgbó ló tẹ̀ lé wọn. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì jẹ́ obìnrin onígíláàsì kan tí iṣẹ́ pọ̀ fún. Ó ní kí ẹlẹ́rìí méjì sún mọ́ iwájú. Bí Peni ṣe fẹ́ dìde ni ilẹ̀kùn ṣí.

Vaiola ló wọlé. Fìlà ṣọ́ọ̀ṣì funfun wà lórí rẹ̀, erùpẹ̀ sì dé kókósẹ̀ rẹ̀, nítorí ó ti fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí bọ́ọ̀sì já a sí. Òun nìkan ni.

"Màmá," ni Lagimalie wí.

"Bàbá rẹ mọ̀ pé ibí ni mo wà," ni Vaiola wí. "Mo sọ fún un kí n tó jáde. Mi ò gba àyè, mo sọ fún un ni. Peni, ẹ jókòó. Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Akọ̀wé náà ti gbé ìwé sókè, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kíákíá, bí ẹni tó ti kà á lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Vaiola gbé ọwọ́ lé orí tábìlì.

"Dúró, ọmọ mi. Àwọn méjèèjì yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò gbọ́. Kà á ní èdè wa."

"Màmá, ó gùn o, àwọn ènìyàn sì wà níta—"

"Wọ́n á dúró. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbọ́ ohun tí mi ò sọ sí. Kà á láti òkè. Má fo ìkankan, kí n mọ ohun tí mò ń fọwọ́ sí."

Akọ̀wé náà yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Falaniko di ọwọ́ Lagimalie mú, ó dì í mú gbọin títí akọ̀wé fi kà á dé ìsàlẹ̀. Vaiola gba bírò. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó sì ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kán an lójú títí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ tán.